Aṣọ Tí Ìyá Rán De Ìyàwó

"Dá a dúró níbẹ̀," ni Pil-jun wí.

Da-on tẹ bọ́tìnì, àwòrán inú kọ̀ǹpútà sì dúró. Ọ̀sán ni. Ilé ọtí abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n wà, ní ìlú Busan ní Korea, ṣófo, òórùn bíà àná ṣì wà níbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni ọmọbìnrin yìí fi ya fíìmù nípa àwọn ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin kọrin níbẹ̀, fún àwọn ọkùnrin tí kò lè sọ nílé pé ọkùnrin làwọn ń fẹ́. Àdéhùn wọn kò ju ọ̀kan lọ: kí ó fi kùrukùru bo ojú gbogbo wọn. Ó sì bò ó dáadáa.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n? Ìyá tó bí yín gan-an ò lè dá yín mọ̀."

"Ojú mi kọ́. Wo ọrùn aṣọ."

Òwú pupa tín-ín-rín kan wà létí ọrùn hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ Korea, tí Pil-jun wọ̀ jó nínú àwòrán náà. Aránṣọ ni ìyá Pil-jun ní Miryang, kì í sì í rán ọrùn aṣọ láìfi òwú pupa parí rẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tó ti rán eléyìí de ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ máa mú wálé. Pil-jun ní òun á bá ìyàwó náà tọ́jú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ gbó. Ojú ni gbogbo wọn ń ṣọ́, kò sẹ́ni tó rántí aṣọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n máa gbé fíìmù náà jáde, bẹ́ẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n ni màmá ti ń ránṣọ láàárọ̀ dalẹ́.

Da-on ní òun lè gé ijó náà kúrò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, torí ijó yẹn ni ẹ̀mí fíìmù náà. Ó tún ní òun lè fi kùrukùru bo aṣọ náà.

"O bo ojú, o tún fẹ́ bo aṣọ. Kí ló wá ń jó níbẹ̀?"

Pil-jun jókòó sórí páálí bíà. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Àwọn àfẹ́sọ́nà tó ti pa nírọ́ fún màmá, eléyìí lọ sókè òkun, tọ̀hún ń tọ́jú bàbá aláìsàn, wọ́n ti pọ̀ ju orin tó mọ̀ lọ. Ó rẹ̀ ẹ́.

Ó pe Miryang. Màmá kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ò tíì jẹun. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, fíìmù kan wà tí òun fẹ́ káwọn jọ wò.

"Fíìmù ta ni?"

"Tèmi ni, Màmá. Èmi ni mo wọ aṣọ ìyàwó yẹn."

Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Ṣé aṣọ náà kò fún ọ láyà?"

"Ó fún mi láyà, Màmá."

"Mú un dání," ni ìyá wí, ó sì pa fóònù.

Bóyá ó fẹ́ tú u fẹ̀ ni, bóyá ó fẹ́ gbà á padà ni, Pil-jun ò mọ̀. Ó ní kí Da-on mú kùrukùru kúrò lójú òun nìkan, kí ó fi tàwọn yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà.