Ẹni Kọkàndínlógún Lórí Pápá

Àwọn tó ń ṣàkóso líìgì wa kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún yìí yóò fi pápá rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí Tully Rise ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé pọ̀ sí. Irọ́ kọ́. Ní Brannock tiwa, ọmọdé ti tán, ajá ló kù. Àwọn olówó ti ra gbogbo ilé tó yí pápá wa ká, wọ́n wá ń fẹjọ́ wa sun ìjọba ìbílẹ̀ pé ariwo wa pọ̀ jù ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó lọ kọ́lé sétí odò, tó wá ń bá ọ̀pọ̀lọ́ jà!

Àwa àti Moorvale la jọ wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwa méjèèjì náà la sì máa pàdé nínú ìdíje tó kẹ́yìn, lórí pápá wa. Bí a bá nà wọ́n, àwọn ni yóò kó ẹrù. Bí wọ́n bá nà wá, ó parí fún wa.

Vin Mulcahy lorúkọ mi. Mo gbá bọ́ọ̀lù tiwa yìí, tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, fún Brannock títí orúnkún mi fi kọ̀ mí sílẹ̀, mo wá di asáréjíṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí n sáré wọ pápá nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, kí n sọ ọ́ sétí ẹni tó rán mi sí, kí n sì sáré jáde. N kì í bù kún un, n kì í bù kúrò nínú rẹ̀.

Ìyá mi ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Peg lorúkọ rẹ̀, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Gbogbo Sátidé ló máa ń wa ọkọ̀ Holden àtijọ́ rẹ̀ wá, tí yóò kọ ojú rẹ̀ sí pápá lẹ́yìn òpó gòólù ìhà àríwá, tí yóò bu tíì sínú ife, tí yóò sì tẹ họ́ọ̀nù nígbàkígbà tí a bá jẹ gòólù. Lẹ́sẹ̀ òpó yẹn gan-an la da eérú bàbá mi sí lẹ́yìn tí a sun òkú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ẹgbẹ́ wa ti ṣe fún òkú tiwọn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wá bá jókòó. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má wakọ̀ lójú títì márosẹ̀ mọ́, títì yẹn nìkan ló sì dé Tully Rise. Ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Bàbá mi pàápàá kò wà á rí títí ó fi kú.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Vinnie, ẹ ò gbọdọ̀ pàdánù o."

"Màámi, a ò ní pàdánù."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Mo ń sọ fún ọ ni."

Ìdá kẹrin, tó jẹ́ ìkẹyìn nínú ìdíje náà, ti fẹ́ẹ̀ parí, Moorvale sì fi àmì méjì péré ṣíwájú wa, nígbà tí Tobin fò sókè láti gbá bọ́ọ̀lù mú. Ọmọ dáadáa ni Tobin. Tully Rise ló ń gbé, nítorí owó ilé Brannock ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ń ti ọ̀hún wá gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Orí ló fi sọlẹ̀. Kò dìde.

Bọ́ọ̀lù ti lọ sápá kejì, àwọn rẹfirí sì ti bá a lọ. Ẹni tó kúnlẹ̀ ti Tobin ni Ruark ti Moorvale, géńdé kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó ti ń bú ọmọ náà láti ọ̀sán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má baà mì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn rí i pé Ruark kò lé bọ́ọ̀lù mọ́, ó rò pé ó ń jáde bọ̀ ni, ó sì rán ẹlòmíràn wọlé. Ẹni yẹn wọlé. Ruark kò jáde.

Garth Pelling, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, gbá mi láṣọ mú.

"Vin! Kà wọ́n!"

"Kí ni?"

"Mo ní kà wọ́n! Mọ́kàndínlógún ni wọ́n!"

Méjìdínlógún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lórí pápá. Balógun ikọ̀ kan lè sọ fún rẹfirí pé, "Ẹ kà wọ́n." Eré yóò dúró, gbogbo ikọ̀ kejì yóò lọ tò láàárín pápá, rẹfirí yóò sì kà wọ́n bí ẹni ń ka àgùntàn. Bí wọ́n bá lé ní méjìdínlógún, gbogbo àmì tí wọ́n ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré di òfo. Òfin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe kíkà láàárín wa, àwọn èèyàn kì í fẹ́ bá a mutí mọ́.

"Garth, Ruark tó di orí Tobin mú ló sọ wọ́n di mọ́kàndínlógún."

"Ó wà lórí pápá àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, àmọ́..."

"Òfin ò béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀! Lọ sọ fún Callum kó pè é. Kíá, kí wọ́n tó gbé ọmọ yẹn jáde!" Ó rí i pé ẹsẹ̀ mi ń wọ́lẹ̀, ó sì mọ ibi tí yóò ti mú mi. Ó nawọ́ sí Holden. "Wo ìyá ẹ, Vin."

Mo sáré. Ẹ̀gbẹ́ Tobin gan-an ni mo gbà kọjá, mo sì gbọ́ ohùn Ruark.

"Má mira, àbúrò. Má mira rárá. Kí lorúkọ ajá ẹ?"

"Bísíkíìtì."

"Bísíkíìtì! Ta ló ń sọ ajá lórúkọ báyẹn? Ó tì o, má rẹ́rìn-ín, ọrùn ẹ!"

Olùtọ́jú àwọn tó fara pa nínú ikọ̀ wa ti wà níbẹ̀, ó ń retí àwọn tó lọ gbé ibùsùn tí a fi ń gbé aláìsàn wá. "Má fi í sílẹ̀ o, Ruark," ó ní.

"Ta ló fẹ́ fi í sílẹ̀? Ẹ máa pariwo sí wọn kí wọ́n yára!"

Apá Ruark ń gbọ̀n. Orí tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Bí Callum bá pe kíkà, wọn yóò ní kó dìde wá tò. Inú bí mi gidigidi. Mo bínú sí Garth, mo bínú sí líìgì, mo sì bínú sí Ruark pẹ̀lú: ẹni tó ti ń bú èèyàn láti ọ̀sán, kí ló dé tí kò kúkú burú tán?

Callum, balógun wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó ti ń wò mí bọ̀.

"Bọ̀dá Vin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

"Ìwọ náà ti kà wọ́n?"

"Mo ti kà wọ́n." Ó yíjú sí ọkọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó tún yíjú sí Tobin nílẹ̀. "Ṣé Garth ní kí n pè é ni? Tó bá ní kí n pè é, màá pè é. Òun lọ̀gá."

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó rọrùn lẹ́nu. Mo wo Holden, mo rí orí funfun ìyá mi lẹ́yìn gíláàsì, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Garth ní kí ẹ máa gba apá ọ̀tún," ni mo sọ. "Àárín ti há jù."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Àbí etí ẹ di ni?"

Ó mí kanlẹ̀, ó sì sáré lọ. Ká sòótọ́, apá ọ̀tún náà ṣí sílẹ̀ fún wa. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ dé iwájú òpó àríwá, ó bọ́ sọ́wọ́ Callum, ó sì gbá a. Gbogbo Brannock dìde. Bọ́ọ̀lù náà lu òpó gbàà! Àmì kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù tó bá lu òpó ń mú wá, kì í ṣe mẹ́fà ti gòólù. Fèrè ìparí sì dún. Àmì kan ni wọ́n fi nà wá.

Wọ́n ń gbé Tobin jáde nígbà náà, ó ń gbé ìka ọwọ́ rẹ̀ sókè kí a lè rí i. Ruark ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Ṣé o sọ fún un?" Garth bi mí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mi ò sọ fún un."

Ó bọ́ ẹ̀wù asáréjíṣẹ́ lọ́rùn mi, ó sì jù ú sínú ẹrẹ̀. "O ò tún ní jíṣẹ́ fún mi mọ́ láyé."

"Irú iṣẹ́ yẹn? Wá ẹlòmíràn."

Àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé ń yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi bí mo ṣe ń kọjá lọ síbi Holden náà. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí.

"Mọ́kàndínlógún ni wọ́n," ni ìyá mi wí.

"Màámi, ẹ kà wọ́n?"

"Kí ni mo tún ń ṣe níbí, ṣé ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń hun? Garth rán ọ sí Callum?"

"Ó rán mi."

"O ò sì jẹ́ ẹ."

"Mi ò jẹ́ ẹ. Ẹ forí jì mí, Màámi."

Ó wo òpó gòólù náà títí. "Bàbá ẹ ìbá ti pè é. Garth ò tiẹ̀ ní tíì sọ̀rọ̀ tán."

"Mo mọ̀."

"Ohun tí mo ṣe máa ń bá a jà nìyẹn ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ọjọ́ tí a da eérú sílẹ̀ pàápàá, kò sunkún lórí pápá yìí.

"Bàbá wá ńkọ́?" mo bi í.

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kó máa yọ àwọn olówó yẹn lẹ́nu."

Ó ṣílẹ̀kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ọkọ̀ mú yí iwájú rẹ̀ ká, ó sì lọ jókòó sí ìjókòó kejì, níbi tí n kò tíì rí i jókòó sí rí. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Kí lò ń wò? Ṣé ẹsẹ̀ ni kí n fi rìn dé Tully Rise ni? Wọlé, ká lọ mọ ọ̀nà. Gbogbo Sátidé ni o."

Mo wọlé, mo sì fẹ́ ti ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀ nítorí orúnkún mi. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kan ìjókòó mi!"

Mo ká ẹsẹ̀ mi kò. Kí n tó yí ọkọ̀ padà, ó na ọwọ́ kọjá níwájú mi, ó sì tẹ họ́ọ̀nù náà mọ́lẹ̀ sí òpó àríwá. Ó pẹ́ gan-an kó tó gbọ́wọ́ kúrò.

"Ó yá," ó ní. "Máa wà á."