Òǹtẹ̀ Seul-bi

“Seul-bi, ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bá mi wádìí ẹni tó tà mí.”

Jun-gil, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tẹ́ ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ núdù rẹ̀. Ó ti béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí Seul-bi ń bá ṣiṣẹ́ ní Incheon bóyá ọlọ́pàá ti wá tọ pinpin òun. Ìdáhùn wọn nìyí. Orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kó fún ọlọ́pàá, láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ kankan.

Ojú Seul-bi bọ́ sórí déètì. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta. Lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

“Kí ni wọ́n ní ẹ ṣe, bùrọ̀dá mi?”

“Mo ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí olórí àwọn awakọ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣọ́, pé kó bá wa kó ẹrù Màámi. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ọlọ́pàá ti délé Màámi báyìí. Tẹ́nikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ṣe ni Màámi ń gbọ̀n. Tọ́wọ́ mi bá tẹ ẹni náà, màá da omi núdù yìí lé e lórí!”

Seul-bi rántí. Ọ̀gá Pyo níbi iṣẹ́ ló ju àkójọ orúkọ àádọ́ta tí ọlọ́pàá béèrè síwájú rẹ̀: “Ọmọ yìí, tètè lu òǹtẹ̀ sí i ká lọ jẹun. Àbí o fẹ́ fẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni, tó o fi ń kà wọ́n?” Seul-bi rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀, kò tiẹ̀ ṣí ojú ewé kejì.

Ẹni tó fẹ́ fẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ìwé náà kò dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan. Bó bá panu mọ́, ìgbéyàwó wọn dúró digbí. Ó wo ẹnu Jun-gil tó máa ń fẹ́ èémí gbígbóná sí ìka rẹ̀ nígbà yìnyín, ọkàn rẹ̀ yọ́ bí òrí. Ó fa òǹtẹ̀ onígi kékeré kan yọ nínú báàgì, èyí tí Jun-gil fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ fún un lọ́jọ́ tó ríṣẹ́.

“Ẹ da omi náà lé mi lórí. Èmi ni.”

Jun-gil gba òǹtẹ̀ náà. Yíǹkì pupa rẹ̀ yí i ní àtàǹpàkò.

“O mọ̀ pé èmi ni?”

“N ò kà á.”

“O ò kà á.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.”

Fóònù Seul-bi dún. Ọ̀gá Pyo ni.

“Níbo lo wà? Àkójọ tuntun ti dé o, ọgọ́rin èèyàn! Wá lu òǹtẹ̀ rẹ kíá.”

Ó wo ọwọ́ Jun-gil. Kò nawọ́ gba òǹtẹ̀ náà padà.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Òǹtẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.”

“Ọwọ́ ta ló wà?”

“Ọwọ́ ẹni tí mo fi í ṣẹ̀.”