Gbòǹgbò Àìsàn Olúmúyìwá

"Ìka ẹsẹ̀ méjì la máa gé, Bàbá," ni Dókítà Fàdìlàt wí bó ṣe ń rọra di ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà padà. "Bí a bá tún fi falẹ̀, odindi ẹsẹ̀ ni."

Ojú fèrèsé ni Olúmúyìwá Ògúntúyì ń wò. Títíladé ìyàwó rẹ̀ ló bú sẹ́kún.

Ó di ọdún mẹ́rin tí àtọ̀gbẹ ti wọ ọkọ rẹ̀ lára. Gbogbo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lọ, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á rí i pé ṣúgà rẹ̀ ga, wọ́n á fi oògùn kún oògùn. Láràárọ̀, kí Títíladé tó lọ sí ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Erunmu, á ka hóró oògùn sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, á gbé omi tì í, á se ẹ̀wà sílẹ̀. Síbẹ̀, ńṣe ni ọkùnrin náà ń joro. Aládùúgbò kan ló júwe dókítà Ẹgbẹ́dá yìí fún wọn. Ó ní gbòǹgbò àìsàn ni obìnrin náà máa ń wá, pé ó máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá.

Dókítà fa àga sún mọ́ wọn.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ṣúgà yín ga. Ìdí rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Búrẹ́dì àti mínírà."

"Mo se ẹ̀wà sílẹ̀ kí n tó jáde o!" ni Títíladé ké.

"Adìẹ ló jẹ ẹ́."

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ máa ń rìn díẹ̀?"

"Lọ síbo?"

"Láti ìgbà wo lẹ ti wà báyìí?"

Títíladé ló bá a dáhùn. "Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Tìmílẹ́hìn, ni mọ́tò pa lójú ọ̀nà Olódò. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá Tìmí."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Inú ṣáláńgá ni mò ń dà á sí."

Títíladé yíjú sí i. "Kí ni mo fi ṣe yín, Bàbá Tìmí?"

"Ìwọ kọ́." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọmọ yẹn ní ó rẹ òun. Mo ní dandan ni kó lọ gba jẹnẹrétọ̀ wa wá lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ní Olódò. Kí ni mo fẹ́ máa fi oògùn dá ẹ̀mí ara mi sí fún?"

Ọdún mẹ́rin ni Títíladé ti fi ń gbé ọ̀rọ̀ kan mì. "Ọjọ́ kejì ẹ̀ lẹ fẹ́ rán an tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní ooru ń pa mi, pé ẹ rán an lọ́jọ́ náà."

"Mo ti gbàgbé ìyẹn."

"Èmi ò gbàgbé."

Dókítà jẹ́ kí wọ́n sunkún tẹ́rùn kó tó sọ̀rọ̀. "Oúnjẹ, oorun, ìrìn, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ síta yìí, oògùn ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ẹ má lo hóró tí mo bá fún yín. A ti pẹ́ púpọ̀, Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá sì fẹ́ wà láàyè, kò sóhun tí mo lè ṣe."

Ìka mẹ́ta ni wọ́n padà gé. Ojú ọgbẹ́ náà kò tètè san, ṣúgà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń lo oògùn rẹ̀ báyìí, kò sì sí adìẹ tó tún jẹ ẹ̀wà rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n gé ìka náà, ní ọ̀sán Sátidé kan, Olúmúyìwá fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Títí, níbo ni wọ́n sin ọmọ yẹn sí?"

"Wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

Títíladé so ìró rẹ̀ le, ó fi èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò bèèrè ibi tí sàréè Tìmílẹ́hìn wà lọ́wọ́ rẹ̀.