Ọ̀rọ̀ Gígùn tó Wà Láyà Aṣọ

Ìyá àgbà ò mọ̀wé, àmọ́ kò sí lẹ́tà tí ẹ fi hàn án tí kò ní í fi òwú kọ sára aṣọ. Bí ẹni ń wo àwòrán ló ṣe ń wò ó: èyí tẹ̀ bí ìwọ̀, èyí ní ìrù. Iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ nìyẹn, òun náà ló fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ.

Lọ́jọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin mú ìwé èsì ìdánwò wálé, ìyá àgbà rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó gùn ju gbogbo ìyókù lọ: incapacious.

"Kí ni tíṣà yín pè ọ́ yìí?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ó ní... ó ní orí mi gba nǹkan púpọ̀, Màmá."

Háà! Ìyá àgbà ò rántí oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Aṣọ tuntun tó rán fún ọmọ náà de ọjọ́ ìparí ọdún ilé-ẹ̀kọ́, ó fi òwú pupa kọ ọ̀rọ̀ náà sáyà rẹ̀ gàdàgbà, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó pe alápatà wá wò ó. Ó pe oníṣẹ́ bàtà.

"Ẹ rọra o, Màmá," onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní. "Tí orí ọmọ yín bá tún gba nǹkan jù báyìí lọ, àá wó ògiri kó tó wọlé!"

Lọ́jọ́ kejì ni tíṣà fúnra rẹ̀ wá gba síkẹ́ẹ̀tì tó ní kí wọ́n bá òun gé kúrú. Bó ṣe rí aṣọ náà, ó dúró gbagidi.

"Tíṣà mi, ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ fún onídìrí yìí, kó yéé fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó, Mà. Àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í sábà lò ó. Wọ́n lè fi pe yàrá tó há... tàbí ìgò tí kò gba omi púpọ̀."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí abẹ́rẹ́. "Bí àpò aṣọ tí kò jìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Téèyàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó kan ìdí rẹ̀ kíá?"

Onídìrí kọjú sógiri. Ìtìjú bo ìyá àgbà bí ẹni tí ìró já bọ́ lára rẹ̀ lójú títì. Gbogbo àwọn tó pè wá wò ó, ta ló mọ̀wé nínú wọn? Ta ló ti fi rẹ́rìn-ín délé?

"Màmá, ẹ má bínú," ọmọ náà ní látẹnu ọ̀nà. "Bí inú yín ṣe dùn ni kò jẹ́ kí n lè sọ òótọ́."

"Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí," tíṣà ní, omi ti lé lójú rẹ̀. "Inú ìwé atúmọ̀-èdè ni mo ti rí i. Mo fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ìyá àgbà nawọ́ sí àga, ó na sísọ́ọ̀sì kékeré sí i. "Ẹ jókòó. Ẹ tú lẹ́tà náà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Tíṣà jókòó, ó ń tú u, abẹ́rẹ́ ò mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni sísọ́ọ̀sì. Nígbà tó tú u tán, òwú lọ, ojú abẹ́rẹ́ ò lọ. Ìyá àgbà bá gé aṣọ mìíràn, ó fi rán àpò bò ó, ó sì jẹ́ kó jìn.

Ọmọ náà wọ̀ ọ́ wò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò náà, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ò lè wo ojú rẹ̀.