Ohùn Òbúkọ àti Ẹ̀jẹ̀ Àníkẹ́

Ẹ má tíì bínú pé mo lé dókítà ẹran padà láàárọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná ná. Ẹ sáà mọ Àníkẹ́, màlúù mi. Wàrà rẹ̀ la fi tọ́ Mofẹ́ ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti lóyún gbẹ̀yìn, ni Bàbá Mofẹ́ bá ní kí dókítà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní pùrótéènì kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sọ bóyá màlúù á tún lóyún. Bó bá ní kò ní lóyún, ó di ti alápatà nìyẹn.

Nínú àlá, èmi àti Àníkẹ́ ń gun àkàbà lọ sí ọ́fíìsì kan tó léfòó lójú òfuurufú. Pé màlúù ń gun àkàbà kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí àkàbà ń sọ ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Ẹ rọra o. Ẹ̀yin méjì lẹ̀ ń gòkè, ẹyọ kan ni yóò sọ̀."

Ọ̀gá kan tó so táì ló jókòó níbẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, ó di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì parí ìkíni mi. Ó fẹ́ béèrè ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ mọ ohùn òbúkọ, òkè ló máa ń gbà lọ.

"Ẹ̀jẹ́ẹ́ẹ́ dà?"

Ẹ̀jẹ́ kẹ̀! Mo ṣe bí ó ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Mo ní, "Bí Àníkẹ́ kò bá lè lóyún mọ́, sà, kí ẹ mú mi dípò rẹ̀."

Yéè! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òbúkọ fi pátákò lu òǹtẹ̀ síwájú orí mi. Abẹ́rẹ́ dìde lórí tábìlì, ó ní, "Ìyá Mofẹ́, ẹ na apá." Ó fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò, làwọn pùrótéènì inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Á bí."

"Ta ló ní á bí? Ẹ pe alápatà!"

Ni ọ́fíìsì bá di pákó ẹran, èmi ni mo sùn lé e. Alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Mo yíjú, mo rí Àníkẹ́ tó wọ bùbá mi, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó ní, "Ìyá Mofẹ́, ó dìgbà o."

Mo ta jí, òógùn bò mí. Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn. Dókítà ni, ọ̀fìnkìn ti ba ohùn rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀jẹ́ẹ́ ni mo wá gbà."

Bàbá Mofẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo fọwọ́ bo iwájú orí mi, mo wo ẹ̀yìnkùlé. Àníkẹ́ dúró lábẹ́ okùn aṣọ, bùbá tí mo sá lánàá ti já bọ́ sí i lọ́rùn, ó ń wò mí.

Mo ní, "Dókítà, ẹ máa lọ ná. Bí ọ̀fìnkìn yín bá lọ, kí ẹ padà wá."