Òde Nìkan Ni Wọ́n Ń Wò

Ìròyìn ikú ìyá Kàbírátù dé etí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti sin ín. Kì í ṣe ará ilé ló sọ fún un. Àìṣà, obìnrin tó ń gbé ní àgbàlá kejì, ló bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń pọn omi ní Nkololoun, àdúgbò wọn ní Douala. Ìyẹn gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "O kú ará fẹ́ra kù, Kàbírá. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere."

Kàbírátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé Àìṣà ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Ìgbà tó rí i pé Àìṣà ń wò yíká bí ẹni tó fẹ́ sá ló béèrè pé màmá ta ni. Àìṣà ní òun rò pé ó ti mọ̀, pé láti àná ni ọkọ òun ti gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí, níbi tí Bùrọ̀dá Baraka fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n bá òun ṣàdúrà fún ìyá òun tí wọ́n sin ní Ìwó. Kẹ́ẹ̀gì kún, omi ń ṣàn dànù sí wọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí nínú wọn tó rántí pa ẹ̀rọ.

Barakatullahi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bùrọ̀dá Baraka, ni ẹ̀gbọ́n Kàbírátù. Ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù fún àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńsíkìn. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wá sí Douala ní Kamẹrúùnù, òun náà ló sì gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ní èbúté ń wá ẹni tó lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́. Ẹrù tó bá ti inú ọkọ̀ òkun sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Wọn kì í ṣí i. Òde nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín lókè òkun.

Báyìí ni Kàbírátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ òde jọ. Ojú ohunkóhun tí a lè fọwọ́ pa ni surface. Páànù tó bo ẹ̀rọ ni casing. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún kó má baà dípẹtà ni coating. Awọ igi olówó iyebíye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó yẹpẹrẹ ni veneer. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é láti Ìwó lálẹ́ Jímọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ọ̀rọ̀ wo ló kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Kàbírátù sọ fún un pé ohun tí àwa ń pè ní èèpo, Gẹ̀ẹ́sì pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ: ti ọsàn ni peel, ti igi ni bark, ti ẹyin ni shell, ti àgbàdo ni husk.

"Àwọn òyìnbó yìí ò níṣẹ́ ṣe," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló ń jẹ èèpo, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ tó tó báyẹn?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí owó ìpè fi tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, tí í ṣe ọjọ́ ìdánwò ilé iṣẹ́ náà, Bùrọ̀dá Baraka ní kó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òun, pé wọn kì í gbé e wọ ibẹ̀. Wọ́n to àpótí síwájú Kàbírátù, ó sì ń dárúkọ ibi tó ti tẹ̀, ibi tó ti họ, ibi tí ọ̀dà ti ń ṣí. Ọ̀gá tó ń jẹ́ Aurélien sọ fún un ní Faransé pé bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ wu òun. Nígbà tó padà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun gbàgbé fóònù náà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bi í léèrè bí ìdánwò ṣe lọ, ó sì fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Níbi ẹ̀rọ omi, Kàbírátù fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ sọ́wọ́ Àìṣà, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ojú rẹ̀, kò jiyàn. Ó ní Màmá pe òun ní kùtùkùtù àná, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ń béèrè Kàbírátù. Òun sọ fún un pé ó ń sùn. Òun rò pé ibà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni, pé bó bá di alẹ́ wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n pè pé ó ti kú. Ó ní wọn kì í tú ọ̀fọ̀ fún èèyàn lójú ọ̀nà, àti pé òun ń dúró de ìpè ilé iṣẹ́ náà kóun tó sọ ọ́.

"Ká ní mo fún ẹ ní fóònù, ẹkún lo máa sun débẹ̀. Ta ni ì bá gbà ẹ́ síṣẹ́?"

"Kí ni Màmá ní kí ẹ sọ fún mi?"

Ó ń fi aṣọ nu ṣéènì tí kò dọ̀tí. "Kò ní kí n sọ nǹkan kan. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ."

Kàbírátù jókòó sórí táyà. Kò sunkún. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti gbà á. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọ̀la ni àdúrà ọjọ́ kẹta, gbogbo ará Ìwó tó wà ní Douala ló ń bọ̀, títí dé àwọn tó wà ní àdúgbò PK8 lọ́hùn-ún. Òun ti sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì bá Màmá sọ̀rọ̀ kó tó kú, pé ó súre fún wọn. Kí Kàbírátù jọ̀ọ́ wá jókòó ti òun, kó má tú àṣírí.

Kàbírátù na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀. Ìpè àárọ̀ àná tí kò gbé wà lójú fóònù náà, láti ọ̀dọ̀ Màmá.

"Mi ò ní jókòó tì yín lọ́la, Bùrọ̀dá," ló wí. "Ẹni tó bá bi mí, màá sọ fún un pé mi ò bá Màmá sọ̀rọ̀. Màá ṣe iṣẹ́ náà, torí mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Ọjọ́ tí mo bá rí yàrá, màá kó jáde nílé yín, mi ò sì ní padà wá."