Akọgun Orí Ìjókòó Iwájú

Láti ọjọ́ tí Kàdírì ti gbọ́ pé Akọgun ti wọ ọkọ̀ ní Èkó, kò sẹ́ni tó tún lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ní ilé wọn ní Ìsẹ́yìn. Ó ń yan kiri. Bí ẹ bá kí i káàárọ̀, á ní, "Nọ́ńbà kejìlá ni tèmi o, nínú ẹgbẹ̀rún kan péré tí wọ́n ṣe ní gbogbo ayé." Ta ló bi í?

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ fún yín. Ọmọlangidi ni Akọgun. Ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, ó gbé idà dání, igbá-àyà rẹ̀ yọ bíi ti ẹni tó ń ru sìmẹ́ńtì, ó sì da aṣọ òfì bo èjìká. Àwọn àgbàlagbà kan wà, tí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n ń ra irú nǹkan báyìí lówó gọbọi, tí wọ́n á wá tọ́jú rẹ̀ sínú páálí. Wọn kì í fi ṣeré. Wọn kì í tilẹ̀ yọ ọ́ jáde, torí wọ́n ní bí o bá ti ṣí páálí rẹ̀, kò níye lórí mọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ni.

Ṣèyí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é ní Èkó, ló wá wá aṣọ tí Akọgun máa wọ̀. Ojúlówó ló lóun fẹ́, èyí tí wọ́n fọwọ́ hun. Kàdírì ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Kàdírì fi jókòó sídìí òfì nítorí rẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, Ṣèyí bi í pé ṣé owó ló máa gbà, àbí Akọgun kan. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá fi máa di ọdún márùn-ún sí i, ère yìí á kọ́lé fún yín." Kàdírì, ọkùnrin tó níyàwó nílé, mú Akọgun.

Misturat, ìyàwó rẹ̀, gbọ́, kò bá a jà. Ó kàn bi í pé, "Bàbá Waheedat, ṣé a lè fi ọmọlangidi yẹn mu gaàrí?"

"Kì í ṣe ọmọlangidi!"

Àmọ́ ilé ọdún márùn-ún yẹn gan-an kọ́ ló gba Kàdírì lọ́kàn. Ìjókòó iwájú ni. Òfì mẹ́fà ló wà lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń hun aṣọ, èyí tó kọjú sí títì sì ni ti olórí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, òun ló ń dáhùn fún gbogbo ilé. Àsánì, bàbá Kàdírì, ló ti wà níbẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ti ń dun bàbá, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ti ní kí Iléyá tó dé, òun máa dìde níbẹ̀. Kàdírì ni àkọ́bí, síbẹ̀ bàbá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kàdírì wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí Akọgun bá dé, tí wọ́n rí aṣọ òun lọ́rùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Nǹkan kan wà tí kì í fẹ́ rántí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, bàbá fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò bó ṣe máa ń ṣe. Nítòsí etí aṣọ, àtàǹpàkò náà dúró.

"Òwú kan fò níbí. Tú u, kí o tún un hun."

Ṣèyí ti ń fọn fèrè mọ́tò níta.

"Bàbá, ta ló máa rí i?"

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lára aṣọ náà. Ó kúrò nídìí òfì náà, Kàdírì sì gé aṣọ náà bẹ́ẹ̀.

Akọgun dé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán. Àwọn ará àdúgbò kún abẹ́ àtíbàbà. Kàdírì gbé páálí náà síwájú, wọ́n sì ń wo Akọgun láti ojú ike tó wà lára rẹ̀. Áà, ó dára! Aṣọ Ìsẹ́yìn ni lóòótọ́! Orí Kàdírì wú débi pé fìlà ń yọ̀ lórí rẹ̀.

"Gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ fojú wò ó. Wọn kì í fọwọ́ kàn án."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí páálí náà.

"Aṣọ tí mo kọ́ ẹ ní híhun ni mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?"

"Tí a bá ti ṣí i, kò níye lórí mọ́ ni."

Bàbá yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń raṣọ lọ́wọ́ wa, èwo nínú yín ló ti ra òfì nínú páálí rí láì tọ́ ọ wò?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kàdírì gbá páálí náà mọ́ra. Bó bá ṣí i, ilé ọdún márùn-ún ti wó. Bí kò bá ṣí i, ìjókòó iwájú ti lọ. Misturat ló na ọ̀bẹ sí i. "Ilé tá ò tíì kọ́, Bàbá Waheedat, ẹ jẹ́ kó wó."

Kàdírì ṣe "Bísímílà" bí ẹni tó fẹ́ dú àgbò, ó sì gé páálí náà. Ó gbé Akọgun nàró. Akọgun dojú bolẹ̀. Ó tún gbé e nàró, ó tún ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ.

"Ẹ ṣàánú rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ni," ni ẹnì kan wí.

Bàbá mú un nílẹ̀, ó fi ìka méjì mú etí aṣọ rẹ̀. "Rọ́bà ni."

Kàdírì pe Ṣèyí lójú ẹsẹ̀, ó yí ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ bí Ṣèyí ṣe máa dá òun láre.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò ṣí i o?"

"Aṣọ mi dà?"

"Òun nìyẹn! Ẹ̀rọ la fi ya àwòrán òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a wá tẹ gbogbo ẹ̀ sára rọ́bà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan!"

"Èyí tí mo fi oṣù mẹ́ta hun ńkọ́?"

"Háà, mo ti fi rán agbádá ìgbéyàwó mi. Gbogbo èèyàn ló ń yìn yín, ẹ̀gbọ́n."

Kàdírì pa fóònù. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Àmọ́ bàbá kò tíì fi Akọgun sílẹ̀. Lóòótọ́ ni ìlà òwú wà lára rọ́bà náà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń bá wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Nítòsí etí aṣọ, ó dúró.

Kàdírì rí i. Òwú tó fò lọ́jọ́sí nìyẹn.

"Mélòó lo ní wọ́n ṣe?"

"Ẹgbẹ̀rún kan, Bàbá."

"Ó wà lára gbogbo wọn?"

Kàdírì ṣí fìlà kúrò lórí.

Bàbá ṣí tìmùtìmù rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó iwájú. Ó gbé Akọgun síbẹ̀, ó fẹ̀yìn rẹ̀ ti òpó, torí kò lè dá dúró. "Ibí ló máa wà. Oníbàárà tó bá béèrè ìdí tí mi ò fi tíì fún Kàdírì ní ìjókòó yìí, ẹ ní kó fọwọ́ tọ́ ọ wò." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé lọ jẹun.

Àwọn èèyàn tú ká. Kàdírì lọ sídìí òfì tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti ń hun aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò. Kò tíì tọ́ ọ jìnnà tó fi bá òwú kan tó fò. Ó gbójú sókè, kò sẹ́ni tó ń wo òun àfi Akọgun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.